Ọ̀gá ò sí ní Anarres, àmọ́ ẹnu aráyé wà níbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi jàre. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún The Dispossessed, ìwé ìtàn àròsọ tí Ursula K. Le Guin kọ lọ́dún 1974, kà tán ni, ó sì ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi.

Ayé méjì ló wà nínú ẹ̀. Urras lọ́ràá, ó ní oúnjẹ, ó ní olówó rẹpẹtẹ, àmọ́ nígbà táwọn tálákà ibẹ̀ jáde láti fẹ̀hónú hàn, hẹlikọ́pítà ni wọ́n gbé wá yìnbọn lù wọ́n látòkè. Anarres ní tiẹ̀, òṣùpá gbígbẹ ni, kò sí owó, kò sí ọlọ́pàá, kò sí pé tèmi rèé tìẹ nìyẹn.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, Anarres ni màá mú. Ibẹ̀ náà ló sì dùn mí jù. Nígbà tí Shevek, ọmọ Anarres tí ìtàn náà dá lé, ṣì kéré gan-an, ó jókòó síbi tí oòrùn gba ojú wíńdò wọlé, ọmọ mìíràn fẹ́ jókòó síbẹ̀, ni Shevek bá tì í, ó ní oòrùn òun ni. Ẹni tó ń tọ́jú wọn ní kò sí nǹkan kan tó jẹ́ tìẹ, ó gbé e kúrò lójú oòrùn, ọmọ bú sẹ́kún. Ẹ̀kọ́ yẹn ò burú o, ta ni ò fẹ́ kọ́mọ òun mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan? Àmọ́ ọmọ yẹn náà ló dàgbà tó di onímọ̀ físíìsì, tí Sabul, àgbà onímọ̀ físíìsì kan níbẹ̀, wá ń fi orúkọ ara ẹ̀ sára iṣẹ́ tí ò bá a ṣe, torí láìsí Sabul ìwé ò ní jáde. Kò sẹ́ni tó fi Sabul jọba! Ohun táwọn èèyàn máa sọ ni kálukú ń bẹ̀rù, kí wọ́n má baà ní tara ẹ̀ nìkan ló mọ̀. Tirin ọ̀rẹ́ ẹ̀ kọ eré kan tí wọn ò fẹ́ràn, ilé alárùn ọpọlọ ló bá ara ẹ̀.

Ìwà Urras ò ṣòroó bú, a ti mọ olówó tó ń fìyà jẹ tálákà. Ìlú rere tó ń fi ìtìjú pa ọmọ ẹ̀ lẹ́nu mọ́, ìyẹn ló ṣòroó kọ, Le Guin sì kọ ọ́ bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó hàn pé ó fẹ́ràn àwọn ará Anarres. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ káwọn tó ń kọ ìtàn ayé tó dáa máa kọ fún wa.

Ògiri kan wà ní Anarres tó yí ibi tí ọkọ̀ ojú sánmà ń balẹ̀ sí ká, kò ga, ọmọdé gan-an lè gùn ún kọjá. Lọ́jọ́ tí Shevek fẹ́ kọjá lọ sí Urras, àwọn èèyàn ẹ̀ tí wọ́n jọ ń pín gbogbo nǹkan ló ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀, àwọn náà ló ń sọ òkò.