Bí Ọkùnrin Rí Ejò, Tí Obìnrin Pa Á

Bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà ti má lọ ni. Kò sí ìpàdé ẹbí tàbí ìpàdé ọlọ́jà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí òwe yìí kì í ti jáde lẹ́nu àgbà, pàápàá nígbà tí obìnrin bá ṣe ohun tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, ọ̀pọ̀ sì kà á sí ìyìn fún un. Èmi gbà pé ìbáwí ni, àti pé kì í ṣe obìnrin ni a ń fi í bá wí. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ilé ló fẹ́ kí ejò kú ni, kò ní sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi pa òwe náà. Àwọn àgbà pa á nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan wà nínú ilé tí ó tẹ́ lọ́rùn kí ejò sá wọ yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí, ju kí a gbọ́ pé obìnrin ni ó pa á. Ẹni náà kò tíì kúrò láàárín wa, òun sì ni ọ̀rọ̀ mi ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọjà Eréko ní Erékùṣù Èkó. Alimotu Pelewura, tí ó ń ta ẹja níbẹ̀, kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, ẹnu rẹ̀ sì tólẹ̀ débi pé ẹgbẹ́ òṣèlú Herbert Macaulay fi í kún ìgbìmọ̀ tí ń darí rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ìjọba fẹ́ kó ọjà náà lọ sí Olúwọlé, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ fárí gá, wọ́n sì tìtorí rẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n jura. Ní ọdún 1940, tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ti ju £50 lọ gbọ́dọ̀ máa san owó orí, bẹ́ẹ̀ sì ni obìnrin kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní Èkó nígbà náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà wọ́n ti ọjà pa, wọ́n tú yáyá lọ bá àwọn aláṣẹ. Kò pẹ́ rárá tí ìjọba fi sún iye owó náà sókè, tí púpọ̀ nínú wọn sì bọ́ lọ́wọ́ owó orí.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ iye tí ìjọba ní kí a máa ta oúnjẹ dé. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Pullen ni ìjọba fi ṣe alábòójútó rẹ̀, gàrí sì wọ́n bí ojú. Wọ́n fi £100 lóṣù lọ Pelewura kí ó lè tì wọ́n lẹ́yìn. Ó kọ̀ ọ́. Ẹ rò ó wò: ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ fún oṣù kan ṣoṣo jẹ́ ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ní bí obìnrin bá rí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní odidi ọdún, kí ó wá san owó orí. Ọkùnrin tí kò bá wọn ti ọjà, tí kò bá wọn rìn dé ọ̀dọ̀ aláṣẹ, òun náà jẹ nínú èrè ìjà yẹn, nítorí owó tí ìyá ọlọ́jà kò kó fún ìjọba, inú ilé ni ó ń ná an sí.

Nínú ìtàn àròsọ, ẹni tí ó fẹ́ kí ejò lọ máa ń hàn kedere ju bí a ti ń rí i lójúkojú lọ. Buchi Emecheta, ọmọ Ìgbò tí a bí ní Èkó ní ọdún 1944, kọ ìtàn ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Adah sínú Second-Class Citizen, tí ó jáde ní ọdún 1974, ó sì fa púpọ̀ nínú rẹ̀ yọ láti inú ayé ara rẹ̀. Wọ́n fún Adah ní ṣílè méjì kí ó fi ra ẹran wá. Ó fi owó náà pamọ́ kí ó lè fi san owó ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ní owó ti sọnù, wọ́n sì nà án nílùkulù. Kì í ṣe ẹgba yẹn ni ó dùn mí jù. Ilé tí ó ń rówó ra ẹran ni, tí ó sì ń rówó kọ́ ọmọkùnrin níwèé, síbẹ̀ ọmọbìnrin tí orí rẹ̀ pé ní láti purọ́ kí ó tó lè jókòó ṣe ìdánwò. Nígbà tí ó dàgbà tí ó sì kọ ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ rẹ̀ dáná sun ìwé náà. Ohun tí ọkọ Emecheta fúnra rẹ̀ ṣe sí ìwé tí ó kọ́kọ́ kọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọmọ márùn-ún ni ó bí fún un. Ó tún un kọ, ó sì jáde ní ọdún 1976. Owó tí ì bá bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni ọkùnrin náà fẹ́ sọ di eérú.

Ní Yábàá ńkọ́, lóde òní? Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa ń wá yàrá àti pálọ̀ níbẹ̀. Owó ọdún kan pé lọ́wọ́ rẹ̀, owó ejẹ́ǹtì pé, ó sì ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Ejẹ́ǹtì náà wo ọwọ́ rẹ̀, kò rí òrùka, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú, onílé kì í fún obìnrin tí kò lọ́kọ nílé. Ẹ mú ọkọ yín wá, tàbí kí ẹ mú bàbá yín." Bàbá rẹ̀ ti dolóògbé. Nígbà tí ó yá, ó mú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ, ọmọ tí ó ṣì wà ní ilé ìwé, tí òun fúnra rẹ̀ ń san owó ilé ìwé fún, orúkọ ọmọ yẹn ni wọ́n sì kọ sí orí rìsíìtì. Ayálégbé tí kì í san owó ni ejò tí gbogbo onílé Èkó ń sá fún. Obìnrin tí ó kó owó dání wá rèé, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi fi ọmọ aláìníṣẹ́ bojú. Ẹ̀yin onílé, kí ni ẹ jèrè níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ rìsíìtì yìí ni mo fẹ́ bá àwọn obìnrin sọ jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fẹsẹ̀ kọ. Ìyá tí ó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà yóò máa dá owó fún alájọ lójoojúmọ́; nígbà tí ó bá kó o, yóò gbé e fún ọkọ rẹ̀ kí wọ́n fi ra ilẹ̀ ní Ìpájà, orúkọ ọkọ nìkan ni àwọn ọmọ onílẹ̀ yóò sì kọ sínú ìwé. Bí ọkùnrin náà bá kú, àṣà ìbílẹ̀ wa kò fún opó ní ìpín nínú ogún ọkọ. Ọmọ ni ó ń jogún. Èyí tí ó ṣe ìgbéyàwó alárédè ní ìpín lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n òun náà yóò kọ́kọ́ forí ti àwọn mọ̀lẹ́bí tí yóò ní ọmọ àwọn ló kọ́lé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí orúkọ yín wà nínú ìwé ilẹ̀ tí owó yín wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè fún un kí ẹ tó san owó tó kù, nítorí lẹ́yìn náà ó máa ń di ìjà. Wọn yóò ní ẹ kò fọkàn tán ọkọ. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́: ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, kí ẹ pe àgbà kan tí ọkọ ń bọ̀wọ̀ fún sí i, ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́. Ẹ tọ́jú káàdì alájọ pẹ̀lú, kódà bí ó ti gbó.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ẹ̀yin ìyálójà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú, nítorí ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ sọ pé obìnrin kì í béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin olórí ẹbí, lọ́jọ́ tí ẹ bá pé jọ lórí ogún, ẹ kọ́kọ́ bi opó léèrè ohun tí ó fi sínú ilé náà, ẹ yẹ káàdì àti rìsíìtì tí ó bá kó sílẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.