Ẹ má fo Àbíyè dá

Ìròyìn tẹ́ ẹ gbé jáde nípa Dókítà Olusegun Mimiko, gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, ka gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti wọ̀, tó sì ti jáde, bí ẹni ń ka owó èsúsú. Kò burú, òótọ́ ni. Àmọ́ kí ló dé tẹ́ ẹ fo Àbíyè dá, ètò ìlera aláboyún tí ìjọba rẹ̀ gbé kalẹ̀? Kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ni bàbá yìí ti ṣe kó tó di gómìnà Oǹdó ní 2009. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán Àbíyè wò: wọ́n fún aláboyún ní fóònù, pé bí ikùn bá mú un lóru, kó pe òṣìṣẹ́ ìlera tirẹ̀. Dókítà ló máa ń ronú báyẹn. Ti owó oṣù táwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń retí nígbà tó ń kúrò nípò gómìnà ní 2017, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn o, mi ò gbèjà ẹ̀ níbẹ̀.