Omi Kò Gbóná Tó? Ẹ Má Tíì Sọ Pé Hítà Ti Jóná

Gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ títí tó fi sú mi: "Omi yìí ò gbóná mọ́, hítà ti jóná." Onílé á sọ ọ́, àlejò á sọ ọ́, oníṣẹ́ tí wọ́n pè náà á sọ ọ́ kó tó tú síkúrù kan ṣoṣo. Wọ́n á lọ ra òmíràn, wọ́n á gbé e kọ́ ògiri, kò ní pẹ́ tí omi á tún máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, hítà tí wọ́n tú dànù yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Hítà tí kò ní táǹkì ni mò ń sọ o, èyí tó ń gbé omi gbóná bó ṣe ń kọjá lọ.

Ẹ má rò pé mo gbọ́n jù yín lọ. Mo ti yọ owó ẹ́límẹ́ǹtì tuntun (irin inú hítà tó ń gbé omi gbóná) sọ́tọ̀ kó tó wá sí mi lọ́kàn láti gbé garawa lítà 10 sábẹ́ ṣáwà. Mo ṣí omi bí mo ṣe máa ń ṣí i, mo sì tẹ aago inú fóònù. Garawa kún ní ìṣẹ́jú 2 géérégé, èyí tó túmọ̀ sí lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan. Mo wo ohun tí wọ́n kọ sára hítà: 3,500 wáàtì. Mo ṣírò rẹ̀, mo dá owó padà sápò.

Ìṣirò náà kò le. Kí omi tó ń kọjá ní lítà 1 láàárín ìṣẹ́jú kan tó lè fi dígírì 1 gbóná sí i, ó ń gba nǹkan bíi 70 wáàtì. Ẹ fi 70 pín 3,500, ẹ óò rí 50. 50 yẹn ni gbogbo ohun tí hítà náà ní lọ́wọ́, omi tó bá kọjá ló sì máa pín in. Ká ní omi wọlé ní dígírì 22. Bí ẹ bá ṣí i dé lítà 5, dígírì 10 péré ni hítà lè fi kún un, omi á jáde ní 32. Ara èèyàn gbóná tó dígírì 37, nítorí náà omi 32 á dà bí ẹni pé kò rí iná sójú rárá. Ẹ wá dín in kù sí lítà 3: ohun tó máa fi kún un á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì 17, omi á jáde ní 39. Ìyẹn ni omi ìwẹ̀. Hítà kan náà ni, iná kan náà ni, ọwọ́ tó wà lórí ẹ̀rọ omi nìkan ló yí padà.

Hítà onítáǹkì ló bà wá jẹ́, kí n sọ òótọ́. Ìyẹn ti se omi rẹ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó dé ilé ìwẹ̀, bí ẹ bá ṣí i gbàgà, ohun tó ti gbóná tẹ́lẹ̀ ló ń tú jáde títí tó fi máa tán. Èyí tí kò ní táǹkì kò se nǹkan kan sílẹ̀. Omi tó bá sáré kọjá lára rẹ̀ kò dúró gba iná. Síbẹ̀, bí omi bá ti tutù díẹ̀, ohun tí ọwọ́ wa kọ́kọ́ ń ṣe ni pé ká tún ṣí i sí i, kí èyí tó gbóná lè dé. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa tutù sí i.

Bí òtútù bá dé, tí omi tó ń wọlé bọ́ láti dígírì 28 sí 20, èyí tó ń jáde náà á fi 8 tutù sí i. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Ti iná tún wà níbẹ̀, òun ló sì ń tan èèyàn jù. Hítà tí wọ́n ṣe fún 220 fọ́ltì tó wá rí 180 kò ní ṣe iṣẹ́ 3,500 wáàtì mọ́, nǹkan bíi 2,340 ló kù. Ìdá mẹ́ta agbára rẹ̀, ọ̀kan ti lọ, bẹ́ẹ̀ gílóòbù inú ilé ṣì ń tàn. Bí omi yín bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní aago 7 alẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lo iná, tó wá ń jó ara ní aago 2 òru, ẹ fi ẹ́límẹ́ǹtì sílẹ̀. Ẹ́límẹ́ǹtì tó jóná kì í sàn lóru.

Àwọn tó ti gbọ́ pé kí wọ́n dín omi kù náà máa ń dín in kù jù. Ohun kan wà nínú hítà tó ń mọ̀ pé omi ń sàn. Bí omi bá kéré jù, kò ní tan iná rárá. Ọ̀pọ̀ hítà onígáàsì ń fẹ́ tó lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó ràn. Bí omi bá tutù bíi yìnyín, tí ẹ ò gbọ́ kí hítà dún, ẹ tú orí ṣáwà sọ́wọ́ kẹ́ ẹ wò ó. Nígbà tí mo tú tèmi, ó ju ìdajì ihò rẹ̀ lọ tó ti dí, ìdọ̀tí funfun bí ẹfun lẹ̀ mọ́ ọn gbagidi. Mo rẹ ẹ́ sínú fínígà mọ́jú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ họ ọ́. Asẹ́ kékeré kan tún wà níbi tí omi ti ń wọ inú hítà, iyanrìn ló máa ń dí ìyẹn. Ẹ pa bíréékà kẹ́ ẹ sì ti omi kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.

Bí hítà kan bá ń bọ́ gbogbo ilé, ẹ ti omi tó ń wọ inú rẹ̀ pa, kẹ́ ẹ wá ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná. Kò yẹ kí omi jáde ju ìkán díẹ̀ lọ. Bó bá ń dà wàràwàrà, omi tútù ń gba ibòmíràn wọlé dà pọ̀ mọ́ ọn, ibi tí wọ́n ti ń po gbígbóná mọ́ tútù nínú ṣáwà kan ló sábà máa ń jẹ́. Púlọ́ńbà lẹ máa pè, kì í ṣe ẹni tó ń ta hítà.

Kì í ṣe pé hítà kì í jóná. Bí omi bá jẹ́ lítà 3, tí iná pé, tí hítà dún pé òun ti tàn, síbẹ̀ tí èyí tó ń jáde kò fi nǹkan kan gbóná ju èyí tó wọlé lọ, ẹ́límẹ́ǹtì ti lọ nìyẹn. Bí bíréékà bá ń já ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án, ẹ má tún gbé e sókè láti dán an wò: iná ti lè máa jò sínú omi, oníṣẹ́ iná ló kàn. Ti gáàsì ní tiẹ̀, bí iná rẹ̀ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ dípò kó jẹ́ àwọ̀ búlúù, tàbí tí orí ń fọ́ yín nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ pa á, ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ jáde. Èéfín rẹ̀ tó lè pààyàn kò ní òórùn.

Ní ilé tèmi, mo fi máákà fa ìlà sára ṣáwà níbi tí lítà 3 wà. Àlejò tó dé kẹ́yìn yí i kọjá ìlà náà, ó sì pariwo láti inú ilé ìwẹ̀: "Hítà yín ti jóná o!"