Fótò kan lọ́sẹ̀ ti tú àṣírí mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ya fótò òde bíi tèmi, ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé kámẹ́rà lọ sí òde n'Íbàdàn ńbí, kámẹ́rà ọ̀hún kì í kúrò lórí ọ́tò, ìyẹn ibi tó ti ń dá gbogbo ẹ̀ ṣe fúnra ẹ̀, mo sì ń pera mi ní ọ̀gá. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì wá bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan, gbogbo Mọ́ńdè la máa ń dárúkọ ohun tá a máa yà, tó bá fi máa di Sọ́ńdè kí kálukú mú ẹyọ kan ṣoṣo wá, tuntun o, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ wú ti èṣí jáde.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ní "funfun". Mo rẹ́rìn-ín, èmi tí mo ti ya léèsì funfun tí ò lóǹkà! Mo gba ọjà Ọjẹ́ lọ, màmá kan gbà kí n ya òun, mo tẹ̀ ẹ́, funfun di eérú. Àṣé kámẹ́rà ò mọ funfun, ohun tó bá ti mọ́lẹ̀ jù, ṣe ló máa fà á wálẹ̀, àfi kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ti ìmọ́lẹ̀ fótò sókè sí +1 lára kámẹ́rà. Aṣọ dúdú ńkọ́, ẹ máa já a wálẹ̀ ni. Gbogbo ọdún tá à ń wí yìí, orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń fọ léèsì oníléèsì.

Ti "eré sísá" ló wá lé mi dé Ìwó Road. Mo gbé ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, takisí máíkírà tó ń sáré bí iná dúró gbagidi bí èyí tí wọ́n páàkì. Mo sọ ọ́ di 1/30, mo ń yí kámẹ́rà tẹ̀ lé ọkọ̀ bó ṣe ń kọjá, ìbàdí ló ń yí, ẹsẹ̀ ò kúrò lójú kan. Nínú bí ọgọ́rùn-ún, mẹ́ta ló jọ nǹkan. Dẹ́rẹ́bà kan tiẹ̀ yọrí síta, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìjọba ló rán yín ni?"

Àwọn kan ní ojoojúmọ́ ló dáa jù. Èmi ò gbà o, ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, kọ́ọ̀bù tíì ẹ̀ ló máa yà sùn. Lọ́sẹ̀, tó bá bàjẹ́ ní Túsìdeè, wàá padà lọ ní Tọ́sìdeè.

Ẹ ẹ̀ nílò kámẹ́rà ńlá náà. Nígbà tá a yà "òrùlé", mo gbé lẹ́ńsì méjì gun Láyípo l'Ókè Àrẹ, ilé gogoro tí wọ́n ti kọ́ láti 1936, mo ya páánù dípẹtà tí gbogbo ayé ń yà. Fóònù lásán ni ọ̀rẹ́ mi fi ya ẹyọ òrùlé tuntun kan tó ń dán láàárín gbogbo ìpẹtà yẹn.

Ọ̀sẹ̀ yìí, "òjò" ni. Fúráídè rèé, ojú ọ̀run ò tiẹ̀ ṣú.