Kì í ṣe gbogbo ẹrù Museu Nacional ló jóná o

Ẹ jọ̀ọ́, pósìtì tẹ́ ẹ̀ ń pín kiri yẹn, pé kò sóhun tó ṣẹ́kù nínú Museu Nacional, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Brazil tó wà ní Rio, pé Luzia, agbárí obìnrin ayé àtijọ́ tó wà níbẹ̀, gan-an ti di eérú, irọ́ ni. Mo ti wọ ilé yẹn rí kó tó jóná, ààfin ọba Potogí ni tẹ́lẹ̀, nínú pákì Quinta da Boa Vista, ilé ńlá gidi ni, torí náà ó dùn mí gan-an nígbà tí iná sọ lálẹ́ 2 September 2018. Àmọ́ wọ́n rí Luzia o! Agbárí obìnrin tó ti lé ní 11,000 ọdún yẹn fọ́ ni, kò jóná tán, oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n kéde pé wọ́n ti ṣa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Òkúta Bendegó tó já láti ojú ọ̀run, tó wúwo ju 5,000 kilo lọ, kò mira rárá. Èyí tó lọ pátápátá, tẹ́nikẹ́ni ò sì sọ̀rọ̀ ẹ̀, ni ìtẹ́ Dahomey tí Ọba Adandozan fi ránṣẹ́ sí João tó ń ṣàkóso Potogí nígbà yẹn. Ẹ tún ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun ún ni, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá Brazil ti wádìí ẹ̀, AC ló fà á.