Ẹ Jẹ́ Kí Aboyún Yí Padà Lórí Ibùsùn

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó kékeré kan jókòó síwájú mi níbi ìtọ́jú aboyún, ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tó ṣe àìsùn òkú. Oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 33. Mo wọn BP rẹ̀, ó dáa. Mo gbọ́ ọkàn ọmọ, ó ń lù kìkì. Mo ní, "Kí ló dé tí o kì í sùn?" Ó ní òun ń sùn mà, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti ń dun òun, òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí ọkọ òun kó fa òun dìde, kí òun jókòó dáadáa, kí òun tó wá fi ẹ̀gbẹ́ kejì lélẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀meje lóru kan. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti Oǹdó wá tọ́jú rẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí, ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: aboyún tó bá yí lórí ibùsùn láìdìde, ìwọ́, okùn tó so ọmọ mọ́ ibi ọmọ, á lọ́ mọ́ ọmọ lọ́rùn.

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ohun tí ìyá tèmi náà sọ fún mi nìyẹn nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí sì ni mí nígbà náà o. Mo mọ ohun tí ìwé sọ. Mo ṣì ń dìde.

Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí bí aboyún ṣe lè yí lórí ibùsùn tí ìwọ́ á torí ẹ̀ lọ́ mọ́ ọmọ lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Kí ni Yorùbá ń pe ọmọ tó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé? Ọkùnrin ni Òjó, obìnrin ni Àìná. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, bíi ti Ìgè tó fẹsẹ̀ wáyé àti Àjàyí tó dojú bolẹ̀ wáyé. Ẹ ka iye Òjó tó wà ládùúgbò yín, ká tiẹ̀ yọ àwọn tó jẹ́ pé orúkọ bàbá ńlá wọn ni. Ní Ìsìkàn tí mò ń gbé, mo mọ mẹ́ta: ọ̀kan ń ta páànù, ọ̀kan jẹ́ tíṣà, ọ̀kan kàn ń yọ àdúgbò lẹ́nu ni. Ká ní gbogbo ìwọ́ tó bá kan ọrùn ló ń pa ọmọ, ta ni ì bá máa jẹ́ orúkọ náà? Àwọn baba wa rí wọn títí tó fi tọ́ láti fún wọn lórúkọ tiwọn. Wọ́n sì ní àmútọ̀runwá ni, ìyẹn ni pé ọmọ ló mú un bọ̀. Wọn ò sọ pé ìyá ló sùn tó lọ́ ọ mọ́ ọn lọ́rùn. Àwa ìkẹyìn la gbé ẹ̀bi náà ka ìyá lórí.

Níbi iṣẹ́ wa, nínú 100 ọmọ tí a bá gbẹ̀bí, ìwọ́ máa ń wà lọ́rùn bíi 20 sí 30. Orí ọmọ á yọ, n ó ti ìka ìfábẹ̀lá mi bọ abẹ́ ọrùn rẹ̀. Bí mo bá kan ìwọ́, n ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, n ó sì gbé e gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni ń bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ọmọdé. Kí ìyá tó mí tán, ó ti parí. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í mọ̀ rárá pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Báwo ló ṣe ń dé ibẹ̀? Ìwọ́ máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50 sí 60, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ọmọ fúnra rẹ̀. Inú omi ni ọmọ wà, ó ń ta òkìtì, ó ń tàpá, pàápàá nígbà tó ṣì kéré tí àyè gbà á. Òkìtì tirẹ̀ ló ń gbé orí rẹ̀ gba inú ìwọ́ kọjá. Ó lè wọ̀ ọ́ sọ́rùn lónìí kó tún bọ́ ọ lọ́la. Bí ìyá bá yí, ilé ọmọ yí, ibi ọmọ tó lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ yí, omi yí, ọmọ yí, gbogbo wọn lápapọ̀. Ẹ rò ó bí ọmọ tó sùn sórí ìjókòó ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ títí dé Oǹdó. Gbogbo kọ́nà tí dẹ́rẹ́bà bá yí lójú ọ̀nà, aṣọ tí wọ́n fi bo ọmọ náà kò ní torí ẹ̀ lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Bí ọmọ fúnra rẹ̀ bá ń jà lójú oorun, ìyẹn lọ̀tọ̀.

Ohun tó tún máa ń yà mí lẹ́nu ni pé òru nìkan ni òfin yìí ń ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án, aboyún kan náà á bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀, á yí sẹ́yìn bìrí dá oníbàárà lóhùn ní Ọjà Ọba, á gun ọ̀kadà gba inú kòtò àti gegele délé. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé kó kọ́kọ́ dúró ṣánṣán kó tó yí.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ "ọrùn" ló ń já wa láyà. A rò pé bí nǹkan bá ti kan ọrùn, èémí ti tán. Ṣùgbọ́n ọmọ inú kì í fi imú mí, inú ìwọ́ gan-an ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé ara rẹ̀. Iṣan mẹ́ta ló wà nínú ìwọ́ náà, ohun kan tó ń yọ̀, tó rí bí ẹ̀kọ tó dì, ló yí wọn ká kí wọ́n má baà tètè tẹ̀. Mi ò sọ pé ìwọ́ kì í dá wàhálà sílẹ̀ o. Nígbà míì ó máa ń fún mọ́ra nígbà ìrọbí, ọkàn ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ́tí sí ọkàn ọmọ lemọ́lemọ́, tí a sì ń bẹ̀ yín kí ẹ wá bímọ níbi tí ìrànlọ́wọ́ wà. Láti 2009 tí ètò ìtọ́jú aboyún tí wọ́n ń pè ní Abíyẹ ti bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ̀ lábẹ́ Gómìnà Mimiko, obìnrin ìpínlẹ̀ Oǹdó wa ti mọ ọ̀nà ọsibítù dáadáa. Inú yàrá lóru ni nọ́ọ̀sì kì í sí. Ìyá ọkọ ló ń jọba níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn ti wá dùn mí nìyí. Mo bi í pé, "Bí ọkọ rẹ bá lọ síṣẹ́ òru, ta ló ń fà ọ́ dìde?" Ó ní òun máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ nígbà náà ni, òun á fi pílò há ẹ̀gbẹ́ òun méjèèjì kí òun má baà ṣèèṣì yí. Ẹ wò ó! Ó ń sá fún ohun tí kò lè ṣe é ní nǹkan kan, ó wá lọ sùn síbi tí a ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kúrò.

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28, ìyẹn bí oṣù keje, oyún ti di ẹrù. Bí aboyún bá nà gbalaja sórí ẹ̀yìn, gbogbo ẹrù náà á jókòó lé iṣan ńlá kan tó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá, tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà láti ìsàlẹ̀ ara lọ sí ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà á dín kù, èyí tí ọkàn ń tì lọ sí ibi ọmọ náà á sì dín kù. Ìyẹn ló fà á tí òòyì fi ń kọ́ àwọn kan bí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìwádìí kan ní New Zealand sọ̀rọ̀ lórí ewu yìí ní 2011. Ní 2013, òmíràn jáde láti ọsibítù Korle Bu ní Accra, nítòsí wa níbí, wọ́n sì rí i pé ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n wọ́pọ̀ sí i lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń fẹ̀yìn sùn. Nígbà tó di 2019, wọ́n kó ìwádìí láti orílẹ̀-èdè mélòó kan pọ̀: fún obìnrin tó bá fẹ̀yìn sùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 28, ewu kí ọmọ kú sínú tó ìlọ́po 2.6 ti ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Ewu náà ṣì kéré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé kékeré ló ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n yíyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Kí oyún tó tó bẹ́ẹ̀, ẹ sùn bó bá ṣe rọ̀ yín lọ́rùn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀lé aboyún tó lé ní 8,000, wọn ò rí i pé bí wọ́n ṣe sùn títí dé ọ̀sẹ̀ 30 pa ọmọ lára.

Àwọn kan á gbọ́ èyí tán, wọ́n á tún gbé òmíràn dé: òsì nìkan ni o, ẹni tó bá fi ọ̀tún lélẹ̀ ti gbé e. Apá ọ̀tún ọ̀pá ẹ̀yìn ni iṣan ńlá yẹn gbà lóòótọ́, ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn òsì ti wá. Ṣùgbọ́n àkójọ 2019 yẹn kò rí ìyàtọ̀ láàrin ọ̀tún àti òsì. Bí ẹ bá sì jí lóru tí ẹ bá ara yín lórí ẹ̀yìn, ẹ má kígbe, ẹ má pe pásítọ̀. Ẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ padà sùn. Bí ẹ ṣe dùbúlẹ̀ tí oorun fi gbé yín lọ la ń bẹ̀ yín lé lórí, ìbáà jẹ́ lálẹ́, lọ́sàn-án, tàbí nígbà tí ẹ bá tọ̀ tán lóru tí ẹ padà wá.

Ẹ má wulẹ̀ lọ ra pílò gígùn tí wọ́n ń polówó lórí fóònù. Ìró àǹkárá méjì tó ti gbó ti tó. Ẹ ká ọ̀kan bí ẹni ká ẹní, ẹ fi sáàárín orúnkún méjèèjì kó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ tòkè má baà máa fa ìbàdí wálẹ̀. Ẹ fi èkejì há ẹ̀yìn. Bí ara bá fẹ́ dà sẹ́yìn lójú oorun, á fara ti í, kò ní dùbúlẹ̀ gbalaja. Fóòmù tó ti jìn láàárín ni ọ̀tá, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹni tí ooru lé sórí ẹní kò ṣẹ̀, kó ṣá tẹ́ nǹkan rírọ̀ sábẹ́ ìbàdí àti èjìká, kó sì so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Àwa ará ìhín sì fẹ́ràn iyán alẹ́, mi ò lè parọ́. Iyán tí aboyún jẹ ní aago mẹ́sàn-án, tó lọ dùbúlẹ̀ ní mẹ́sàn-án ààbọ̀, àyà ni yóò ti máa ta á di òru. Ẹ jẹ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ìbàdí bá ń ro yín bí ẹ ṣe ń yí, ẹ pa orúnkún pọ̀, kí orúnkún àti èjìká yí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ dìde, ẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, ẹ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ti ara yín sókè. Lójú tèmi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti bẹ̀rẹ̀: ẹnì kan rí aboyún tó fò dìde tí òòyì kọ́ ọ, ó ní kó máa rọra ṣe é, ọ̀rọ̀ náà rìnrìn àjò, ó pàdé ìwọ́ lójú ọ̀nà.

Ohun tó yẹ kó jí aboyún dìde lóru ni kí ọmọ máa ta kéré sí bó ṣe máa ń ta, tàbí kó má ta mọ́. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ọsibítù tààrà.

Mo ní kí wọ́n bá mi pe ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé láti orí bẹ́ǹṣì. Màmá gbọ́ mi tán, wọ́n fajú ro. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé irọ́ ni mo wá pa fún ọmọ mi?" Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Rárá o, Màmá. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ bí Òjó?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Mo bí Àìná. Ọmọ mi kẹta ni. Ó ti lọ́mọ mẹ́rin ní Ọ̀rẹ̀ báyìí." Mo ní, "Ẹ sì máa ń dìde kí ẹ tó yí?" "Ní gbogbo òru!" Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán ni ẹ̀rín gbà wọ́n, títí wọ́n fi ń nu ojú.

Àwọn fúnra wọn ló tú ìró òkè wọn, tí wọ́n ká a, tí wọ́n fi sáàárín orúnkún ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì tí a fi ń yẹ aboyún wò. Àwọn tó kù lórí ìlà ti lọ sílé, mo ní kó sinmi díẹ̀ kí oòrùn rọlẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ń hanrun. Màmá jókòó tì í, wọ́n ń fi páálí kan fẹ́ ẹ nítorí iná ti lọ. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, láti òsì sí ọ̀tún. Kò dìde. Màmá wò mí, wọ́n tún páálí mú, wọ́n ń fẹ́ ẹ lọ.