Wọ́n Ti Buwọ́ Lu Layout: Ilẹ̀ Ta Ni?

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Ẹnìkan fẹ́ ra ilẹ̀ lẹ́yìn Ìbàdàn, ẹbí méjì ń jà sí i, kíá ni wọ́n ti dá a lóhùn pé kó fọkàn balẹ̀: ìjọba ti buwọ́ lu layout rẹ̀, ìjà ti parí. Irọ́ ni.

Kí ni layout gan-an? Àwòrán ni. Ẹnìkan mú ilẹ̀ gbalasa kan, ó pín in sí púlọ́ọ̀tì, ó fa títì sí i, ó fún wọn ní nọ́ńbà, ó gbé e lọ bá àwọn Town Planning, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ètò ìlú. Ohun tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wò ni bóyá títì fẹ̀ tó, bóyá púlọ́ọ̀tì ò kéré jù, bóyá ojú àgbàrá wà. Wọ́n á béèrè ìwé ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ìwé kan ṣáà ti wà nínú fáìlì ni. Wọn kì í ránṣẹ́ pe mọ́gàjí. Wọn kì í béèrè ìdí igi mélòó ló wà nínú ẹbí. Kì í ṣe iṣẹ́ wọn.

Ilé ẹjọ́ ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yé yékéyéké. Láti 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Supreme Court ti ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè fi fi hàn pé òun ló nilẹ̀: ìtàn bí ilẹ̀ ṣe di ti ìran rẹ̀, ìwé ilẹ̀ tó péye, ìṣe onílẹ̀, bíi kó máa dá oko síbẹ̀ tàbí kó máa gba owó ìṣákọ́lẹ̀, jíjókòó sórí ilẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà, lọ́nà tó fi jọ pé ẹni tó ni ti ẹ̀gbẹ́ náà ló ni èyí tí wọ́n ń jà sí. Ẹ ka márààrún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò ní bá layout níbẹ̀. C of O gan-an, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí gómìnà máa ń buwọ́ lù, ń já. Ní 1990, nínú ẹjọ́ Ogunleye àti Oni, Supreme Court kan náà sọ pé bí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, tí wọn ò gba ẹ̀tọ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe tọ́, C of O tí wọ́n fún ẹlòmíràn lórí rẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ti C of O bá rí báyìí, kí ni ká wá pe àwòrán títì?

Inú ẹbí ni àléébù tó pọ̀ jù ti ń wá. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti là á sílẹ̀ láti 1959: bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí lọ́wọ́ sí i, wọ́n lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Bí àwọn yòókù bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, wọn ò ta nǹkan kan látilẹ̀wá. Ẹ wá pín irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ogójì púlọ́ọ̀tì. Layout ò wo àìsàn ilẹ̀ náà, ṣe ló pín in fún ogójì èèyàn.

Ó tún lè bí ìjà tuntun. Éékà kan jẹ́ 4,047 sikúwéà mítà. Púlọ́ọ̀tì Èkó, mítà 18 sí 36, jẹ́ 648. Mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 3,888, ìyẹn ni wọ́n fi ń pariwo "púlọ́ọ̀tì mẹ́fà ní éékà." Títì ńkọ́? Bí éékà náà bá dọ́gba níbùú lóròó, ẹ̀gbẹ́ kan á tó nǹkan bíi mítà 64. Títì oní mítà 9 tó gba ibẹ̀ kọjá ti jẹ 576. Ó ku 3,471: púlọ́ọ̀tì márùn-ún àti èérún. Ẹni kẹfà tó ti sanwó kí wọ́n tó ya layout ti bọ́ sójú títì, tòun ti rìsíìtì lọ́wọ́.

Àwọn tó gbà á gbọ́ ní ìjọba ò lè buwọ́ lu ohun tí kò dáa. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹlòmíràn ní òun mọ ibi tó ti ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ tí kò níjà tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó ń tún ilẹ̀ ṣe ò pamọ́. Ẹ gba wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tiyín, kó lọ mú coordinates igun kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí igun náà wà gan-an, lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dà á kọ láti inú ìwé sọ́fè ẹni tó ń tà á, torí ìwé náà lè jẹ́ ti ilẹ̀ mìíràn pátápátá. Kí wọ́n fi yẹ àwòrán wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà wà lábẹ́ acquisition, ìyẹn ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Bó bá wà níbẹ̀, excision, ìyẹn ilẹ̀ tí ìjọba yọ padà fún àwọn onílẹ̀, tó ti wọ gásẹ́ẹ̀tì (ìwé ìkéde ìjọba) tàbí ìwé ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ ìjọba ni ẹ máa wò; "excision ń bọ̀ lọ́nà" kì í ṣe excision. Bí ìwé tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bá wà, ẹ fi nọ́ńbà, ojú ìwé àti fólúmù rẹ̀ ṣe ìwádìí ní land registry, ibi tí ìjọba ń kó àkọsílẹ̀ ìwé ilẹ̀ sí.

Bí ẹbí méjì bá ń jà, ìdájọ́ tàbí àdéhùn tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí ló ń parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mọ́gàjí àti aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan á fọwọ́ sí ìwé àdéhùn títà. Ẹ̀yìn èyí ni layout kàn, mo sì gbà pé ó wúlò nígbà náà, torí láìsí i, ìwé àṣẹ ìkọ́lé á nira láti gbà. Ilẹ̀ tí ìjọba fúnra rẹ̀ pín fúnni lọ́rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ìwé ìpínfúnni ló sì gbé ẹ̀tọ́ wá níbẹ̀, kì í ṣe layout.

Bí ẹnìkan bá tún na ìwé layout sí yín, ẹ ní kó mú ìwé ilẹ̀ tó so mọ́ fáìlì rẹ̀ jáde. Ẹ gbé orúkọ tó wà lórí rẹ̀ lọ bá ẹni tó ń dá oko létí ilẹ̀ náà, kí ẹ bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n.